Wúrà Tiwọn, Epo Tiwa

Oníjà ni mí láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ọdún tí Tísà kó wá sílé wa ní Ìtòkú, mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ọmọ Gánà ni Tísà. Ìṣirò àti jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lápá Òkè-Ìlèwó. Nígbà tí Màmá sọ pé òun ti fún un ní yàrá ẹ̀yìn, inú bí mi débi pé n kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìdí ni pé Gánà ló ba ti bàbá mi jẹ́. Kùmásí ni àwọn òbí mi ti ṣòwò kí a tó padà sílé. Bàbá mi ń ta aṣọ, Màmá ń pa aṣọ láró, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìjọba ibẹ̀ fi pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta, kò rí ara gbé nǹkan kan ṣe mọ́ títí tó fi kú. Ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Kùmásí nínú ilé òun, Màmá sì pa àṣẹ náà mọ́ kódà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ ò ju pé wọ́n lé wa.

Ìwà Tísà ò jẹ́ kí ìbínú mi ríbi dúró sí. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti jáde, yóò dúró níwájú àwọn ìkòkò Màmá, yóò ní, "Àrẹ̀dú o," bí wọ́n ṣe ń kí aláró gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ á ti lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Màmá á rẹ́rìn-ín, á ṣàmín. Nígbà tó gbọ́ pé ìṣirò ń dà mí láàmú, ó ní kí n máa kó ìwé mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwa náà bá ti sá aṣọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ má rò pé mo dúpẹ́ o. Mo kàn ń lọ nítorí pé Màmá dúró tì mí ni.

Ọjọ́ kan ni mo là á mọ́ ọn lójú. Mo ní orílẹ̀-èdè tiwa ju tiwọn lọ fíìfíì. A ní epo rọ̀bì, ọ̀nà ọlọ́dà ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ilé-ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò tíì gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan lọ wá iṣẹ́ tísà lọ sí Gánà. Mo rò pé yóò bínú, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó mú èédú, ó ya orílẹ̀-èdè méjèèjì sórí àpáta, ó ní jọ́gíráfì la máa ṣe lọ́jọ́ náà.

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wúrà ń bẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀ àwọn, kòkó ń bẹ lókè rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń dé lásìkò, oògùn wà nílé ìwòsàn, ìjọba ló sì san owó tí òun fi kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Màmá ń tú okùn lára aṣọ nítòsí wa. Kò gbójú sókè, ó ní òótọ́ ni, pé ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ní Kùmásí kò dákẹ́ rí, kì í ṣe ti Ìtòkú yìí tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó dárúkọ ìlú náà.

Mo bi Tísà pé kí ló wá dé. Ó ní àwọn tó wà lórí àga rò pé ohun tó wà nínú ilẹ̀ kì í tán. Wọ́n kọ́ ilé ńláńlá tí ẹnikẹ́ni ò ronú bí wọn yóò ṣe máa tún un ṣe. Wọ́n fi mọ̀lẹ́bí sídìí iṣẹ́ tí kò mọ̀. Àgbẹ̀ kòkó tó ń bọ́ wọn, wọn ò rántí bọ́ òun náà. Nígbà tí iye kòkó wá já wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń rà á, ọṣẹ di ọ̀wọ́n, mílíìkì di ohun tí èèyàn ń tò fún. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní àlejò ló jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní epo tiwa ò lè tán ní tiẹ̀. Ó bi mí pé ìrẹsì tí mo jẹ lọ́sàn-án náà, níbo ló ti wá. Mo ní ọkọ̀ òkun ló gbé e wá. Ó ní Ọ̀fàdà ńkọ́, tó wà nílẹ̀ yìí? Mo ní ìrẹsì Ọ̀fàdà lókùúta, ta ló ráyè máa ṣà á.

Màmá ló dá mi lóhùn. "Ìkòkò aró tí gbogbo ilé ń ri aṣọ bọ̀, tí ẹnì kan ò bu èlú kún, omi lásán ló ń padà dà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó." Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, mo kó ìwé mi, mo wọlé.

Kò ju ọdún méjì lọ tí pàṣán sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Iye epo já wálẹ̀, ni ohun gbogbo bá yí padà. A ó tò fún mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè-Ìlèwó láti àárọ̀, nígbà tó bá kan èèyàn, wọn a ní ó ti tán. Kẹ́míkà tí Màmá ń pò mọ́ aró wọ́n débi pé ó padà sí eérú bíi ti àwọn ìyá rẹ̀. Owó oṣù àwọn olùkọ́ ìjọba ń falẹ̀. Ẹni tó bá sì tò tò tí kò rí nǹkan kan rà, bó bá bojú wẹ̀yìn tó rí ọmọ Gánà, olè ti dé nìyẹn. Háà, bí a ṣe yára kọ́ ìwà yẹn!

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ni rédíò kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Wọ́n ní àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lè dúró, ṣùgbọ́n Tísà kì í ṣe ara wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kọrin lé àwọn ará Gánà lọ lójú títì. Mo bá Tísà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń di ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Dípò kí n kí i, mo ní, "Ẹ̀san dé."

Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo lé bàbá rẹ. Bàbá rẹ kọ́ ló ń lé mi. Àwọn tó lé àwa méjèèjì, wọn ò kó kúrò nílé wọn rí." Ó wá nawọ́ ìwé ìṣirò kan sí mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, gbogbo ohun tó kù tí a ò tíì kọ́, pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́yìn. Mo gbà á. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò lè bẹ̀ ẹ́.

Ti Tísà fúnra rẹ̀ rọrùn. Ìyàwó rẹ̀ ni ìṣòro. Ọdún tó ṣáájú ló dé láti Gánà, Yorùbá tó gbọ́ ò ju kíkí lọ, oyún inú rẹ̀ sì ti pé oṣù kẹsàn-án. Ìròyìn ń ti Sèmè bọ̀ pé wọ́n ti ti ẹnubodè, pé àìmọye èèyàn ló sùn sẹ́bàá ọ̀nà láìsí omi, pé obìnrin kan bímọ sábẹ́ lọ́rì, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan ṣe sí i. Tísà ní ohun tó bá wu Ọlọ́run, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ. Màmá, tó jẹ́ opó tí kò ní alágbàwí kankan, ní Ọlọ́run ti fún èèyàn lọ́pọlọ. Ó ní gbogbo Abẹ́òkúta ló mọ Tísà, kò lè fara pa mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ò ń jáde, ta ló mọ̀ ọ́n? Kí Tísà lọ tún ilé ṣe dè é. Bí ìyàwó bá bí, tó pé ogójì ọjọ́, òun á fi í ránṣẹ́. Wọ́n fà á títí. Tísà sunkún, ó wọ lọ́rì ní Láfẹ́nwá, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá mú ìyàwó náà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ìkòkò aró tó pọ́n jù, ó ká apá búbà rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú aró dé ìgúnpá. Ó yọ ọ́, ọwọ́ náà rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di búlúù. Ó tún ki ọwọ́ náà bọ inú aró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta, títí abẹ́ èékánná rẹ̀ fi dúdú bíi ti Màmá, tí ọṣẹ kankan ò lè mú un kúrò. Àwọn tó bá ń wá àjèjì nílé aláró, ọwọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ó ní kí n kọ́ ọ ní èsì ìkíni. Mo fajú ro, mo ní mo ń kàwé. Màmá wò mí, ojú tó fi wò mí ló jẹ́ kí n dìde.

Ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn. Wọ́n wo yàrá ẹ̀yìn, ó ti ṣófo. Wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó Tísà ń fún aṣọ lórí àpótí rẹ̀, ó doríkodò. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Àrẹ̀dú o." Ìyàwó Tísà ní, "Àmín o." Ọkùnrin náà ò lọ. Ó bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí kí ó tó lóyún èyí. Ìyẹn ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Màmá ní ọmọ òun ni, òun ló bí i. Ọkùnrin yẹn kò wo Màmá, èmi ló kọjú sí. "Ìwọ, ta ni èyí?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Mo rántí bàbá mi, mo rántí bó ṣe ń jókòó lójú kan náà láti ìyálẹ̀ta títí di alẹ́. Mo wo obìnrin yẹn. Ó ń fún aṣọ náà lọ, kò sì gbójú sókè wò mí, àfi bí ẹni tó ti mọ ohun tí mo máa sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni mo wí. "Ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni? Ẹ sì rọra o, aró yẹn á ta sí ṣòkòtò yín, a ò sì ní bá yín fọ̀ ọ́." Èyí àbúrò rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́yìn. Wọ́n lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹnu burúkú mi wúlò fún ọmọ ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló bí ọmọbìnrin, Alihamudulilahi, àlàáfíà ni tìyá tọmọ wà. Èmi ni mo ń pọn ọmọ náà bí mo ti ń fi ìwé Tísà kọ́ ìṣirò. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, tí ọ̀nà ti là, Màmá bá oníṣòwò aṣọ kan tó ń lọ sí Gánà sọ̀rọ̀, a sì sìn wọ́n lọ sí Láfẹ́nwá. Kí mọ́tò tó gbéra, Màmá fa àdìrẹ kan tó dára jù nínú iṣẹ́ ọdún yẹn yọ, ó fún ìyàwó Tísà, ó sì júwe ilé kan ní Kùmásí fún un pé kí ó bá òun fún ìyá onílé ibẹ̀. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo bi Màmá pé ta ni ìyá onílé yẹn.

Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi títí di ọjọ́ náà nítorí àṣẹ bàbá mi. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n lé wa, ìgbóná eèyi dá ọ dùbúlẹ̀, a ò lè gbé ọ sínú lọ́rì. Ọwọ́ ìyá yẹn lo wà fún oṣù méjì kí a tó ráàyè wá gbé ọ. Wọ́n dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń wá ọmọ àjèjì. Ó ní òun ló bí ọ."

N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo sáré tẹ̀ lé mọ́tò náà jáde nínú gárééjì, láàárín àwọn alágbàárù, tí bàtà mi kan bọ́ sọ́nà, mo ń kígbe sí obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi kí i! Ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà láàyè!"