Omidùn Ìyáà Mi Nínú Yàrá Oògùn

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé oògùn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Aṣọ ìdì-egbò ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi, Faransé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ máa ń rùn fún tábà, ló kó wọn kúrò tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, nítorí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó jẹ́ kí n wá ohun tí ń wo ibà nínú èèpo igi àwọ́pa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ oògùn dé láti Dakar ni. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mo máa ń fi àmì àgbélébùú sí ara mi, màá sì dúpẹ́. Tí mo bá ń ka oore Ọlọ́run lórí mi, n kì í fo yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá wọlé, ó wo àwọn ìgò mi.

"Ọkọ̀ òkun ń lọ ní Sátidé," ó ní. "Bí o bá fi oògùn gbígbẹ lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ, n ó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi ní Paris, orúkọ rẹ á wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, aṣọ ìdì-egbò á padà síbí, ìwọ náà á padà sídìí dídì oògùn kínínì."

"Mo ti gbọ́, Mùsé."

Wọ́n ti kọ́ wa ní Dakar pé ásíìdì ló ń fa irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáde lára igi. Ṣùgbọ́n ásíìdì wa ti tán, òmíràn ṣì wà lójú òkun. Mo wá fi omi tó mọ́ jù lọ se èèpo náà, mo fi ọtí líle rẹ òmíràn. Nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà ni mo rí, lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo lọ jẹun nílé ní Gbégamey. Ìyáà mi rí i pé n kò fọwọ́ kan ẹ̀kọ.

"Dókítà, kí ló dé?"

Mo ṣàlàyé fún un.

"Omi wo lo fi sè é?"

"Omi tó mọ́, Ìyá. A sè é, a gba ooru rẹ̀ sínú ìgò, a tún—"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Omi tí kò kan, tí kò dùn. Kí ni ìyẹn fẹ́ bá ẹ yọ? Nígbà tí ibà ń gbé ẹ jó ní kékeré, omi kànga lásán ni mo fi rẹ àwọ́pa fún ẹ ni?"

"Omidùn ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa—"

"Àwọn olùkọ́ yín ò bá mi sẹ́ ògì rí."

Ìgbà náà ló yé mi pé ásíìdì ló ń mú omidùn kan. Ásíìdì tí mo ń retí láti òkè òkun wà nínú ìkòkò ògì lẹ́yìn mi. Láti ọ̀dọ̀ àwọn fadá ni mo ti kọ́ pé ìwé wà lọ́tọ̀, ilé ìdáná wà lọ́tọ̀.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, mo gbé omidùn wọ ilé oògùn nínú ìkòkò. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò. "Mùsé, àkàrà rẹ̀ ńkọ́?" Mo ti bébà aláwọ̀ aró tí a fi ń dán ásíìdì wò bọ̀ ọ́. Ó pọ́n: ásíìdì ni. Mo rẹ èèpo sínú rẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo sè é kí ó lè dínkù, mo wá da iyọ̀ púpọ̀ sí i kí oògùn lè já sísàlẹ̀. Ọ̀gá yọjú, ó fọwọ́ dí imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Omi àgbàdo kíkan, Mùsé."

Ó ṣí fèrèsé, ó jáde.

Ní àárọ̀ Sátidé, hóró wẹ́wẹ́ tó rí bí abẹ́rẹ́ ti já sísàlẹ̀ ìgò, wọ́n ń dán, wọ́n pọ́n bí èso ìyeyè. Mo sẹ́ ẹ, mo sá a gbẹ, mo gbé e lọ. Ọ̀gá fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó fajú ro nítorí kíkorò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ló gbé e lọ sí wọ́ọ̀fù, afárá tó na wọnú òkun. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé àpótí wa sí. Ó fì lókè omi, mo sì ka Mo Kí Ọ Màríà títí ó fi balẹ̀.

Iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ mi tẹ̀ lé ti ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ dúró lọ́wọ́ mi, èèpo àti egbò igi mìíràn sì kọjá nínú yàrá yẹn láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ lẹ́tà tó kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọ̀gá mi ní òkè òkun wá kò béèrè nípa oògùn rárá. Báwo ni a ṣe ń ṣe omidùn ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Mo kà á fún Ìyáà mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí n máa kọ.

"Kí wọ́n rẹ àgbàdo títí yóò fi rọ̀. Kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan, kí wọ́n wá da omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí wọ́n má da ògì rẹ̀ nù o, oúnjẹ ni."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé. Èsì dé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan: oògùn náà jáde dáadáa, àwọn ọmọ ilé olùkọ́ náà sì ti jẹ ògì tán.