Ẹja Tí A Yọ Sọ́tọ̀

Olùkọ́ ọmọ mi obìnrin kejì ló fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ló dé tí àwọn ẹja kan fi máa ń lúwẹ̀ẹ́ lọ ní agbo? Ọmọ náà kò jẹ́ kí n bọ́ aṣọ ọjà lọ́rùn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ nínú omi tí a fi tapólì gbà.

"Màmí, ẹ wò wọ́n. Wọ́n tún ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń sọ fún wọn?"

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò ka ti ẹja, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ bá bi léèrè kò gbọdọ̀ ya odi. Mo da kórobá délẹ̀, mo jókòó lé e, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní kò sí ọ̀gá láàárín wọn; kálukú ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì. Mo ní tí ojú bá pọ̀, ẹnìkan á tètè rí ewu, gbogbo wọn á sì jọ sá. Mo ní bí ẹja ńlá bá dé tó fẹ́ jẹ wọ́n, yíyí tí wọ́n ń yí papọ̀ yẹn á dà á lójú rú, kò ní mọ èyí tí yóò mú.

"Èyí tó bá dá wà ni wọ́n máa ń pa," ni mo fi parí rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu mi.

Ọmọ náà wò mí. "Àǹtí mi tó dá wà ní Ọ̀yọ́ wá ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò dá wà. Ó wà lọ́dọ̀ Màmá Ọ̀yọ́. Lọ gbé oúnjẹ ẹja wá."

Gbogbo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ̀ pé ìyá mi nílò ọmọ tí yóò máa bá a jẹ́ iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fa àkọ́bí mi lé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tí n kò sọ ni pé nígbà tí mo bí ọmọkùnrin tó tẹ̀lé àwọn méjèèjì, àkọ́bí mi gé e jẹ ní apá. Ojú eyín rẹ̀ hàn roboto lára ọmọ jòjòló. Owú ló ń jẹ. Ọmọ wo ni kì í jowú àbúrò? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí, ẹ̀rù ọmọ tí mo fúnra mi bí. Bàbá wọn ní kí n ṣe sùúrù, n kò gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a ti wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ní gáréèjì Takie. Mo ra bísíkíìtì fún un, mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ti gùn débi pé àbúrò tó gé jẹ ti ń sáré kiri ilé.

Ohun kan wà tí n kò fi kún àlàyé mi lórí kórobá. Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ mọ̀ pé a máa ń ṣà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àwọn kan á kàn tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣútà là ń pè wọ́n. Tí a bá fi ṣútà sílẹ̀ láàárín àwọn kéékèèké, jíjẹ ni yóò máa jẹ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mo ní ọ̀kan nígbà náà nínú dúrọ́ọ̀mù, òun nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti Takie dé níbi tí mo ti ń ta ẹja yíyan, mo bá dúrọ́ọ̀mù lófìfo. Mo sáré dé ìdí tapólì. Ṣútà wà nínú agbo, ikùn rẹ̀ yọ rọ̀bọ̀tọ̀, ìrù ọmọ ẹja kan ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ mi ti balẹ̀ létí ọmọ kí n tó bèèrè ohunkóhun.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ẹja mi?"

Ó di etí mú. "Ẹ̀yin lẹ ní èyí tó bá dá wà ni wọ́n máa ń pa. Mo ní kí wọ́n má baà pa á." Ó wá fa ikun sókè. "Ó ti pẹ́ tó ti dá wà."

Àkọ́bí mi ni mo ń rò lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di Sátidé, mo pọn ọmọkùnrin náà, mo mú ọmọ mi kejì lọ́wọ́, ó di Ọ̀yọ́.

A bá ìyá mi lójúde, òun àti àkọ́bí mi ń bó ẹ̀gúsí. Àkọ́bí mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà," bí ẹni ń kí àlejò.

"Ṣé wọ́n ti ṣí ọ̀nà ni?" ni ìyá mi wí. "Mo rò pé ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gba ibí mọ́."

Mo ní kí wọ́n má bínú. Kí n tó jókòó, èkejì ti ń ròyìn ẹja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìrù ń yọ lẹ́nu ẹ̀! Màmí wá gbá mi létí."

"Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò láàárín wọn tẹ́lẹ̀?" ni àkọ́bí mi bi í.

"Torí ó máa ń gé àwọn kékeré jẹ ni."

Àkọ́bí mi dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé bí tèmi náà ni?"

"Rárá o," mo yára dáhùn. "Màmá Ọ̀yọ́ ló nílò ẹ."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá mi wí fún mi, kò tilẹ̀ wojú mi, "má fi tèmi kún un."

Mo yíjú sí àkọ́bí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá tún gé àbúrò rẹ jẹ. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ."

Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi. Ó súnmọ́ mi, ó la ẹnu. "Eyín tí mo fi gé e jẹ ti yọ. Ẹ wò ó, òmíì ló ń hù yìí. Èmi àti Màmá Ọ̀yọ́ jù ú sórí òrùlé."

Eyín àkọ́kọ́ tí ọmọ mi pàrọ̀, n kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ náà la di ẹrù rẹ̀. Ìyá mi bu ẹ̀gúsí fún wa, kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ọkọ̀, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì fi orí ti orí, wọ́n sùn. Olùkọ́ ti sọ pé èkejì gba ìbéèrè ẹja náà, gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ló tọ̀nà. Ṣútà ti padà sínú dúrọ́ọ̀mù ní tirẹ̀, ọmọ kò sì tún bi mí nípa rẹ̀.

Àkọ́bí mi ti wà nílé báyìí, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ síbi tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà, ojú mi máa ń tẹ̀ lé e kí n tó mọ̀. Ó ti kíyè sí i. Ó máa ń kọ́kọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin, kó tó na ọwọ́ gbé e.