Ìyá Onímítà àti Dátà Tó Ń Jò

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé géèmù Ìyá ló ń jẹ dátà wa. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń yí ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n ń sọ pé ọkọ mi ló dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnu èmi ló ti jáde, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè ní Ìyá. Ìyá Onímítà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ka mítà omi fún ilé iṣẹ́ omi. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan, ìwé pẹlẹbẹ kan, àti irin gígùn tó fi ń ṣí ọmọrí kòtò mítà. Ajá ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó máa ń mọ ibi tí páìpù ti ń jò kí onílé fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Àfi bí ilé iṣẹ́ ṣe kó mítà tuntun dé lọ́jọ́ kan, irú èyí tó ń ka ara rẹ̀, tó sì ń fi iye tó kà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Wọ́n fún Ìyá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n dá irin padà. Ìyá ní tòun ti sọnù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni irin náà wà títí di òní.

Ta ló mọ̀ pé àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ gba lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà yóò tún kóra jọ sórí fóònù? Géèmù eré ìje ọkọ̀ ni wọ́n ń gbá. Ìyá tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ wá ń sá eré àsápajúdé nínú ọkọ̀ pupa, ó ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n yà lọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń sáré ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Súpà nítorí pé òun ni ọ̀gá wọn nígbà kan, kì í jáde nílé mọ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Ìyá ní inú géèmù yẹn nìkan lòun ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Oṣù méjì ni wọ́n fi wà nínú ìdíje kan. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá figagbága ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku tiwọn àti ẹgbẹ́ kan péré. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa pàdé. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin bá pa ọjọ́ náà jẹ, gbogbo wọn ló pàdánù.

Ráútà kan ṣoṣo ló ń fún ilé wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì, àpótí funfun kékeré kan lórí fíríìjì. Ọgọ́rùn-ún gíìgì ni tiwa lóṣù. Bó bá ti tán, ó parí nìyẹn di oṣù tuntun. Fíríìjì ni ọkọ mi ń tún ṣe, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń fi àwòrán èyí tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí i. Láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò síṣẹ́. Oṣù tó kọjá, dátà ti tán kí oṣù tó tán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí, gíìgì méjìlá ló kù, ọjọ́ mọ́kànlá sì ṣì wà níwájú. Ọkọ mi gbé fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko, ó bi mí pé kí ló ń jẹ ẹ́.

Mo ní, "Kí ló tún kù? Ṣé kì í ṣe géèmù Ìyá ni?"

Ó bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wa. Ìgbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ gan-an ni dátà bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Àti pé, kí n má parọ́, ó ń bí mi nínú. Èmi ń ránṣọ nínú pálọ̀ láti àárọ̀, ọrùn ń dùn mí, àgbàlagbà kan wá ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì nítorí ọkọ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀.

Ọkọ mi lọ bá ìyá rẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti yí páswọ́ọ̀dù ráútà padà kó tó débẹ̀. Ó ní fóònù Ìyá kò ní wọlé mọ́ títí oṣù tuntun, bẹ́ẹ̀ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdíje. Ìyá ní ta ló ka dátà náà. Ọkọ mi na fóònù sí i, ó ní kó wo iye tó ti lọ.

Ìyá kò tilẹ̀ wo fóònù. Ó ní, "Àpapọ̀ nìyẹn. Mítà tó ń ka ara rẹ̀ mọ iye tó lọ, kò mọ ibi tó gbà. Mo ní ta ló kà á?"

Ó jẹun rẹ̀, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìyá jáde síta nínú kóòtù kákí tó fi ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́sí, gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ló dè, irin gígùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ dúró síwájú fíríìjì bí ọlọ́pàá tó wá mú ráútà. Ó ní kí ọkọ mi má lọ ibi iṣẹ́.

Ó ní, "Bí omi bá ń jò nílé oníbàárà, mi ò kì í wá ẹni tí màá bú. Gbogbo ẹ̀rọ ni màá ní kí wọ́n tì. Màá wá máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa wo mítà. Ẹ tì í."

A tì í. Fóònù mi, tẹlifíṣàn, gbogbo ẹ̀, àfi fóònù ọkọ mi tí a fi ń wo iye dátà. Ó wo iye tó wà lójú fóònù ọkọ mi, ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, iye náà kò yẹ̀. Ó mi orí. Ó ní kí ọkọ mi máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ fún wákàtí kan, kó gba àwòrán, kó dáhùn oníbàárà. Ogójì mẹ́gà péré ló lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́gà ló wà nínú gíìgì kan.

Ó wá ní kí ó fún òun ní páswọ́ọ̀dù. Ọkọ mi wojú mi. Èmi náà wojú rẹ̀, torí mo ti ń retí ìgbà tí àṣírí Ìyá máa tú. Ìyá pe Súpà, wọ́n sáré fún wákàtí kan gbáko, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bú ara wọn bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó parí, ọkọ mi wo iye náà, ó tún un wò, ó nu ojú fóònù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Àádọ́rin mẹ́gà.

Ìyá ní a kò tíì gbọ́ tán, òun náà ní ẹ̀bi kan. Géèmù fúnra rẹ̀ kò wúwo, àmọ́ ó máa ń fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe yẹn ló ń gbé dátà mì. Lóṣù tó kọjá ó gbé gíìgì méjì lọ lójú kan náà kí òun tó mọ̀. Láti ìgbà yẹn, ilé ìkàwé tó wà lẹ́yìn pápá ni òun ń gbé fóònù lọ fún un, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Èmi tí mo rò pé ọ̀rẹ́ ló ń lọ kí! Mo wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lọ.

Ó wá nawọ́ irin sí tẹlifíṣàn. Oṣù méjì sẹ́yìn ni a rà á, nígbà tí rédíò mi kú. Ètò kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí tọkọtaya ti máa ń tú àṣírí ara wọn síta. Òun ni mo fi ń ṣe rédíò nígbà tí mo bá ń ránṣọ. Ìyá tan ètò náà, ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kọjú sí fèrèsé kí n lè rí ìmọ́lẹ̀, mo kẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn. Mo ránṣọ fún wákàtí kan.

Gíìgì kan àti ẹgbẹ̀ta mẹ́gà.

Ọwọ́ mi dúró lórí aṣọ. Ìyá kò pariwo. Ó sún mọ́ mi, ó fi irin rẹ̀ ti ilẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí, àwọ̀ aṣọ wo ló wọ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

"Oṣù méjì lo ti ń gbọ́ ọ."

"Mi ò wò ó rí, mà."

Ojú tì mí débi pé inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé èmi ló ń ṣiṣẹ́ jù nílé yìí, pé ohùn lásán ni mo ń gbọ́, ṣé ohùn náà tún wúwo ni? Ṣùgbọ́n àwòrán ńlá tí ẹnikẹ́ni ò wò ni mo ti ń dà nù láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣí omi sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ràn ìró rẹ̀. Ìyá yí sí ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló ti ilẹ̀kùn íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ òun, nítorí náà ẹnu rẹ̀ lòun ti máa gbọ́ àforíjì. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Èmi ò tọrọ tèmi. Agídí mi kò jẹ́.

Ó di ọ̀sán Àbámẹ́ta. Mo gbọ́ tí Ìyá pòṣé nínú yàrá. Géèmù náà ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe kó tó lè ṣí, gíìgì méjì míràn. Ọkọ mi ní kó lo ti ilé, Ìyá ní láéláé, wọn ò ní fi ẹnu ba òun jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé yìí. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Mo rí bó ṣe ń dá ẹsẹ̀ òsì sí, mo bá lọ di fóònù mú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò tíì kú."

Mo ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹnu mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi lọ parí ẹ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Ó jọ̀wọ́ fóònù. Ìyẹn ni mo fi jókòó nínú ilé ìkàwé fún wákàtí méjì láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, tí mò ń ṣọ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tí aṣọ oníbàárà mi sì wà nílé láìlápá. Mo padà délé nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá wọ kóòtù kákí rẹ̀, ó jókòó. Súpà àti àwọn méjì yòókù ti ń pè é. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo yí àga mi padà, mo kọjú sí ojú fóònù náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Súpà ò tíì mí tán tó ti ń forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdíje míràn, ẹ̀rín rẹ̀ kún gbogbo pálọ̀. Ìyá gbé fóònù sórí itan, ó wo iye dátà tó lọ, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Láìgbójú sókè, ó ní, "Ìyàwó mi, àwọ̀ wo ni ọkọ̀ tó nà wá?"

Mo ní, "Búlúù ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín ló sì forí sọ lórí afárá kó tó kọjá. Mo rí i. Màgòmágó ni wọ́n ṣe, a ò ní gbà."