Pálọ̀ Tí Mo Tò fún Ẹlòmíràn

Mo rántí òórùn awọ tuntun tó gba inú ilé wa kan ní Gonzagueville, l'Ábídjan, lọ́dún tí ọkọ mi ra àga onítìmùtìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní kanapé, ní ọjà Adjamé Roxy níbi tó ti ń ta aṣọ. A kò tú ọ̀rá ara rẹ̀. Orí ẹní làwọn ọmọ ń jókòó sí, tí wọ́n ń wò ó. Ìgbòho, ìlú ọkọ mi, ló ń lọ, sínú ilé tá à ń kọ́ síbẹ̀. Bí tiwa ti rí l'Ábídjan nìyẹn: yàrá àyágbé là ń gbé, ilé gidi wà nílé.

Àkọ́bí mi obìnrin bi mí pé, "Maman, ṣé kanapé yìí ló ń san owó ilé ni, tó fi gba àyè ju gbogbo wa lọ?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tá a bá délé, wàá jókòó sí i títí ìdí á fi dùn ọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Pálọ̀ ilé Ìgbòho yẹn ti gbà mí lọ́kàn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni mo máa darúgbó sí. Mo ní kí wọ́n má ju àga onígi méjì tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ nù, kí káfíńtà fá wọn, kó tún wọn kùn, kí wọ́n dojú kọ kanapé. Òfì tí ìyá ọkọ mi fi ṣègbéyàwó, mo ní kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kó dá wà lára ògiri funfun. Táìlì aláwọ̀ eérú ni mo yàn, nítorí erùpẹ̀ pupa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọn fèrèsé fún mi lórí fóònù, mo rán aṣọ rẹ̀ níbí. Mo mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọ ilé tí n kò sùn nínú rẹ̀ rí.

Lọ́dún 2011, nígbà ìjà ìdìbò Côte d'Ivoire, ìbọn dé àdúgbò wa, a kó àwọn ọmọ sá lọ sílé. Pálọ̀ náà rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe tò ó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó wọ ibẹ̀, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ẹ kú ewu o! Ẹ kó ẹrù yín sí yàrá ẹ̀yìn. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ń gba àlejò níwájú."

Mo wojú ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ló bá gbé àpò, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí táìlì tí mo fẹnu ara mi yàn. Òun a máa fi pálọ̀ han àlejò: "Iṣẹ́ àbúrò mi rèé." Àwọn ọmọ mi ló ń gbá a.

Nígbà tí ìlú rọ̀, a padà sí Gonzagueville. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó bẹ́ẹ̀; ó kàn jẹ́ pé ilé kì í wá sí mi lọ́kàn. Láìpẹ́ yìí, mo ń ṣa ẹ̀wà, ọkọ mi bi mí pé, "Ìyá àwọn ọmọ, àwọ̀ wo la máa kun géètì ilé?"

Mo ní, "Ẹ bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀."

Ó rò ó díẹ̀, ó ní òótọ́ ni, ó sì mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.