Ọmọ Tó Ń Dá Jókòó Létí Odò

Nígbà tí mo ṣì kéré bíi tiyín yìí, tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Wilhelmsburg ni à ń gbé ní Hamburg, nínú ilé gíga kan tí ariwo kì í tán níbẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń yọ́ lọ sórí Deich, ìyẹn òkìtì gígùn tí wọ́n mọ kí odò Elbe má baà ya wọ ìgboro. N kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Mo kàn ń wo omi ni, èmi nìkan, ara mi a sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọ ìyá mi lóminú. Ènìyàn laṣọ mi, ni ó máa ń wí. Ọmọ tó bá wá ń sá fún ènìyàn, tó ń wá omi lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹmẹ̀rẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pè é. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìjọ Aládùúrà wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n sì gbàdúrà kí àwọn ẹgbẹ́ mi inú omi tú mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí a jọ ń kọrin ń wò mí. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì mí mọ́.

Nígbà tí n kò yé lọ sétí odò, ìyá mi mú mi lọ bá ìyá àgbà aládùúrà kan ní Spandau, ní Berlin. Ní òwúrọ̀, ìyá àgbà mú wa wọ inú igbó tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń dá gbàdúrà. Ó fi mí jókòó sábẹ́ igi, àwọn méjèèjì sì sún sẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bi mí ní ohun tí mo gbọ́.

Mo ní, "Mo gbọ́ ẹyẹ, mà. Mo sì gbọ́ ara mi."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ohun tí èmi náà ń wá wọ inú bush yìí nìyẹn. Mú ọmọ ẹ lọ sílé jàre, nǹkan kan ò ṣe é."

Ọkọ̀ ojú irin ni èmi àti ìyá mi wọ̀ padà sí Hamburg. Ojú ń ti òun náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè mí padà síwájú pẹpẹ láti sọ fún ìjọ pé nǹkan kan ò ṣe mí.

Lóde òní, àwọn tíṣà ló ń kó yín lọ sínú igbó, wọ́n á ní kí ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹyẹ. Ayé ti yí padà, mo dúpẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá dá jókòó létí Elbe, tí mo rí ọmọ Yorùbá kan tó ń bọ̀, kíá ni mo máa ń gbé fóònù sétí, kó lè rò pé èmi àti ènìyàn la jọ ń sọ̀rọ̀.