Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí títì kankan ní Ajah, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo la ní: yàrá méjì, bẹ́ńṣì gígùn kan, àti ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ á pẹ́ lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn lórí sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé àyà Ọlọ́run ló fẹ́ lọ gbọ́. Oògùn pupa kan náà ló ń fún ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí inú ń run. Ẹ má rò pé ìtàn ẹni mímọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Lọ́dún kan, ìyá mi, tí wọ́n ń yan ẹja tà, bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n á di ikùn mú nídìí ààrò. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní èéfín ni. Nígbà tó le, wọ́n mú mi dání lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Ó béèrè bóyá ara le. Ìyá mi ní ara le, àwọn dúpẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ yìí kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Bí iná ń jó o lẹ́yìn, wàá kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

Dókítà ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó béèrè ẹja, ó béèrè ọkọ̀ ojú omi bàbá mi, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, títí ọ̀rọ̀ wọn fi sú mi. Lẹ́yìn náà ó bu oògùn pupa fún wọn. Ìyá mi dìde, wọ́n dúpẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ wọn kan ilẹ̀kùn ni wọ́n tó sọ ọ́, láìwẹ̀yìn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò:

“Ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣáà ni kò dá, láti bí oṣù mẹ́ta.”

“Ẹ padà wá jókòó, ìyá,” ni Dókítà wí. “Èyí tí mo ti ń retí nìyẹn.”

Ó gba ìgò oògùn náà padà. Ó ti ilé ìwòsàn pa lọ́sàn-án gangan, ó wá ọkọ̀, ó sì bá wa gba ojú ọ̀sà dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi níbẹ̀. Wọ́n ní ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Dókítà jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, inú sì bí ìyá mi, nítorí gbogbo ìjọ ti mọ inú wọn tán.

Lóṣù tó kọjá, èmi náà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìhà Igbó Ẹfọ̀n, gíláàsì láti òkè délẹ̀, tí ẹ̀rọ ń po kọfí fún aláìsàn. Ọwọ́ òsì mi ló ń kú, tó tún ń jí. Ọmọ dáadáa ni dókítà ibẹ̀. Ó dìde kí mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ara le?” Èmi tí mo ka ìwé dé yunifásítì, mo ní a dúpẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí n tó tún ọ̀rọ̀ mi tò, ó ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Èrò pọ̀ níta, wọ́n sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ òun náà lọ́wọ́. Mi ò lè dá a lẹ́bi tán.

Nígbà tí mo délé ní Jakande, tí mo ròyìn bó ṣe lọ, ọmọbìnrin mi wò mí títí. Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ lọ kí dókítà ni?”

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo ń padà lọ. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà sínú ìwé, ojú ewé kan péré, kí dókítà náà lè tètè kà á. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó wà lókèèrè là ń kọ lẹ́tà sí. Ní báyìí, ẹni tí orúnkún wa ó máa kanra wọn ni mo kọ tèmi sí, mo sì ń gbàdúrà pé kó ráyè kà á.