Gbólóhùn Kan Nínú Ìwé Ìkúrò Onọ́rébù

Bí òjò bá rọ̀ sórí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé tán: ó korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń wọ inú aṣọ lọ. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí ọ́fíìsì Onọ́rébù wa ní Bódìjà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ọjà pákó. Fèrèsé ibẹ̀ kì í padé dáadáa. Bí ẹ̀rọ ìlapákó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, eruku rẹ̀ á bà lé kọ̀ǹpútà mi, á bà lé fáìlì, á bà sínú tíì tí mo bá gbé kalẹ̀. Èmi ni akọ̀wé níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níléèwé ni, mo sì gbà pé ẹni tó bá ti lè tẹ lẹ́tà láìṣàṣìṣe ti mọ ìṣèlú tán. Bá mi rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi.

Obìnrin ni Onọ́rébù wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò, kí wọ́n tó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìrìn nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ṣì ń rìn: kíákíá, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, bí ẹni pé aláìsàn kan ń dúró dè wọ́n. Ẹgbẹ́ Aláago ló gbé wọn wọlé. Aago ni àmì ẹgbẹ́ náà, aago ńlá kan sì wà lára ògiri ọ́fíìsì wa tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lójú. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi pín sí méjì. Igun kan háyà ilé sí Dùgbẹ̀, igun kejì háyà tiwọn sí Challenge, alága di méjì, kálukú sì ń pe ara rẹ̀ ní ojúlówó. Onọ́rébù bá àwọn ará Challenge lọ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù títí ó fi sú gbogbo ayé, nígbà tí adájọ́ sì máa sọ̀rọ̀, ó gbé ẹgbẹ́ fún àwọn ará Dùgbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Onọ́rébù gun orí àga, wọ́n yọ aago kúrò lára ògiri, wọ́n tì í bọ inú dúróọ̀ tòun ti bátìrì rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, èmi ni wọ́n ń bi pé aago mélòó ló lù.

Ìdìbò ti ń sún mọ́lé, àwọn ará Dùgbẹ̀ ò sì ní fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì láéláé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n lọ sí ẹgbẹ́ Alákàsọ̀, tí àmì tiwọn jẹ́ àkàsọ̀, tó ti ń ṣẹ́wọ́ sí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìwé ìkúrò kì í ti òkè lọ. Wọ́ọ̀dù tí èèyàn ti gba káàdì ni yóò dá a padà sí, alága wọ́ọ̀dù ni yóò fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, ẹ̀dà yẹn ni ẹgbẹ́ tuntun yóò gbà, kí Abẹnugan tó ka ìwé ọ̀hún sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé. Ọjọ́ Túsìdeè ni àwọn Alákàsọ̀ máa ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ dupò pa. Bí ìwé wa ò bá dé, ìṣèlú ti parí fún Onọ́rébù nìyẹn, iṣẹ́ sì ti parí fún èmi náà. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà náà. Èmi ọ̀mọ̀wé, inú fóònù ni mo ti wá ti ẹlòmíì jáde, mo yí orúkọ padà, mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìwé ìkúrò àwọn olóṣèlú ló jọra, gbogbo wọn ló sì ní gbólóhùn yìí nínú: lẹ́yìn tí mo ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn mi ní kíkún. Mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Bí mo ṣe ń kọ déètì sókè lẹ́tà ni mo ṣe kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Furaidé, mo mú un lọ sí ilé alága wọ́ọ̀dù ní Agbowó. Bàbá àgbà kan ni, Mùsùlùmí, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà, tí wọ́n ti ta pákó rí nígbà ọ̀dọ́ wọn. Ìgbà tí ẹgbẹ́ pín, wọn ò lọ sí Dùgbẹ̀, wọn ò lọ sí Challenge. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ni wọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ń wá òun kó wá síbẹ̀. Mo bá wọn lórí ẹní, bútà àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ìwé sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni, kí n kà á fún òun ní Yorùbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ wuuruwu, mo fẹ́ tètè lọ, ni wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè.

“Padà síbi tó o kà kọjá yẹn. Ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn wo?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Ìgbà wo?”

Bàbá kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ké bi ìyàwó wọn bóyá Onọ́rébù wá nígbà tí òun lọ kírun. Ìyá náà dáhùn láti ibi tó ti ń fọṣọ pé òun ò rí i o, láti ìgbà ìbò ni òun ti rí i kẹ́yìn. Bàbá rọra yí ojú padà sí mi. “O gbọ́. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni mo ti fi káàdì lé e lọ́wọ́, tí a ṣàdúà fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Sọ fún un kó wá.” Wọ́n tún béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé wọn ò bínú.

Onọ́rébù ló bínú. Nígbà tí mo padà dé Bódìjà tí mo rò fún wọn, wọ́n la ọwọ́ mọ́ tábìlì, wọ́n ní ṣé bàbá yìí fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ní ta ló ní kí n kọ ìranù yẹn sínú lẹ́tà. Mo ní gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn wọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé nítorí ìbuwọ́lùwé arúgbó kan, kí wọ́n mú bírò wá kí òun bá wọn kọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí Onọ́rébù ò lé e jáde. Ojú wọn wà lára ìṣó tí wọ́n ti yọ aago lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlapákó ń ké nísàlẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì ti wálẹ̀: “Kì í ṣe Bàbá ni mò ń sá fún. Afárá yẹn ni.” Mo mọ afárá tí wọ́n ń sọ. Ìgbà ìpolongo ni wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ará ẹ̀yìn odò ní Agbowó, ibi tí pákó méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ti jẹ́ ọ̀nà. Kóòtù àti ìjà Dùgbẹ̀ pẹ̀lú Challenge ló gbé e mì.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi nìkan ni mo sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n kún ìta ilé Bàbá: mẹkáníìkì, bíríkìlà, télọ̀, àwọn ìyá tó pọn ọmọ. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Aago lẹ kọ́kọ́ fi dá wa dúró, ṣé àkàsọ̀ lẹ tún fẹ́ gbé rù wá?” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Onọ́rébù náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan dìde, ìyá aládùúrà tó wọ aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Kò pariwo rárá. Ó ní bí òjò bá ti rọ̀, òun lòun ń pọn ọmọ òun kọjá odò lọ síléèwé. Ọmọ ọ̀hún ti ń ga, ẹ̀yìn òun ò sì gbé e mọ́. “Onọ́rébù, ẹ kàn bá mi dáhùn ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ wo ló ni odò?”

Mo ti rí Onọ́rébù níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ọkùnrin mẹ́wàá fa ọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, lórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ní, “Mo jẹ̀bi. Lẹ́tà mi ní mo ti bi yín, mi ò bi yín. Mo wá ń bi yín báyìí.” Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́ fún ọ, nítorí èmi ni mo kọ irọ́ tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lé lórí. Bàbá jẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ tiẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ní kí wọ́n má lọ, àwọn yòókù ní ẹgbẹ́ kò kan àwọn. Níkẹyìn, Bàbá ní kí Onọ́rébù dìde. “A ti gbọ́. Máa lọ síbi tó o fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mú afárá náà dání. Akọ̀wé, kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe wí i.”

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá títì, kí iná tó lọ. Mo pa gbólóhùn irọ́ yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ lórúkọ Onọ́rébù pé òun ti bá àwọn ènìyàn òun sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n ní òun lè lọ, ṣùgbọ́n òun kò gbọdọ̀ lọ láìmú afárá Agbowó dání. Bàbá ní kí n túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ wọn sí i, díẹ̀díẹ̀, ahọ́n wọn yọ síta bíi ti ọmọ iléèwé. Wọ́n gba káàdì Aláago, wọ́n sì ṣàdúà fún Onọ́rébù nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lọ.

Ìwé wa bá Túsìdeè. Lọ́jọ́ tí Abẹnugan kà á nílé ìgbìmọ̀, mo wà níbi tí àwọn àlejò ń jókòó. Wọ́n ń kà á wéréwéré bí wọ́n ṣe máa ń kà á, àfi bí wọ́n ṣe dé ibi afárá. Wọ́n dúró, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un kà. Ẹ̀rín sọ láti igun kan dé èkejì. Lọ́jọ́ kejì, afárá ló wà nínú ìwé ìròyìn, kì í ṣe ẹgbẹ́. Orúkọ sì ti lẹ̀ mọ́ wọn: kò síbi tí wọ́n wọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í kí wọn ní “Ìyá Aláfárá.” Ó bí wọn nínú gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n bá fi ń ṣe èèyàn yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Àwọn Alákàsọ̀ fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fi ariwo afárá dá gbogbo ilé lágara. Alákàsọ̀ náà tún pín, Onọ́rébù tún kúrò, wọ́n sì kọ́kọ́ lọ jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni wọ́n ṣe afárá ọ̀hún tán. Kò tóbi, kẹ̀kẹ́ Máruwá méjì ò lè pàdé lórí rẹ̀. Ìdìbò tó tẹ̀ lé e, wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, mo sì kẹ́rù mi kúrò ní Bódìjà tòórùn-tòórùn.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tèmi ní Agbowó báyìí. Bí ìdìbò bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, àwọn olóṣèlú á máa wá tẹ ìwé ìkúrò lọ́dọ̀ mi, bí wọ́n bá sì ti dé ibi gbólóhùn yẹn, màá bi wọ́n pé, “Ìgbà wo?” Àwọn kan máa ń bú mi, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Nígbà kan rí, mo rò pé gbogbo ẹni tó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíì, ọ̀dàlẹ̀ ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn míì kàn ń lọ láìdágbére ni, kò sì sẹ́ni tó dá wọn dúró bi wọ́n ní nǹkan kan.

Lóṣù tó kọjá, Onọ́rébù fúnra wọn yọ sí mi. Irun wọn ti funfun, bàtà pẹlẹbẹ ṣì ni. Wọ́n tún fẹ́ dupò, wọ́n tún fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe dé ibi gbólóhùn náà, mo gbé ojú sókè, mo ti fẹ́ la ẹnu.

“Sátidé tó kọjá,” ni Onọ́rébù wí, “lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bàbá ní kí n kí ọ. Kọ ọ́ síbẹ̀: wọ́n ní òkùnkùn ti pọ̀ jù lórí afárá, kí n mú iná dání.”